Irun Ta Ló Jó ní Ọjọ́ Ẹtì Rere?

Kì í ṣe èéfín ló kọ́kọ́ kan Nelia nímú lọ́jọ́ náà. Irun jíjó ni. Ó mọ òórùn yẹn dáadáa, nítorí abúlé tí wọ́n ti ń fi iná jó irun ara ewúrẹ́ kí wọ́n tó kun ún ni wọ́n bí i sí. Òun àti gbogbo ìlú Guimbal ni wọ́n jọ ń tẹ̀ lé ère òkú Jésù káàkiri àdúgbò, àbẹ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Bí èrò ṣe yà sí òpópónà tó ń gbé ni òórùn náà dé.

"Màmá Puring!" Ó ju àbẹ́là nù. "Irun Màmá ló ń jó!"

Ó bá arúgbó náà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì. Nínú yàrá ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ń yọ iná lẹ́nu bí ìléru. Àwọn ará àdúgbò já iná ilé, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n gbé arúgbó jáde. Nelia gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń wá ibi tí iná ti jó o. Kò rí i. Irun funfun Màmá Puring pé pérépéré. Kò sí ẹyọ kan tí iná kàn.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán, kò sì lè bi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní ẹ̀rù ti yí i lórí: irun ta ló jó?

*

Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá Puring kò tíì lajú. Nelia di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ Ọlọ́run fún: kí arúgbó yìí má kú. Kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé arúgbó náà ni Nelia ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń fọṣọ fún àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, Isko àbúrò rẹ̀ ti wọ ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Isko ló tún ẹ̀rọ ìfọṣọ àti amáṣọgbẹ rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n rà wọ́n ní tòkunbọ̀, òun náà ló ń bójú tó wọn. Kọ́pùrà Gayanilo ti àgọ́ ọlọ́pàá ní àtúnṣe jákujàku rẹ̀ ló dá iná sílẹ̀; èéfín ló lé arúgbó sọ̀ kalẹ̀ tó fi já ṣubú. Lọ́sàn-án yìí ni ọkọ̀ yóò gbé Isko lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ìlú ńlá Iloilo. Bí Màmá Puring bá jí, ó lè sọ bó ṣe ṣubú. Bí kò bá jí, ọ̀rọ̀ Kọ́pùrà ló máa dúró.

Ilẹ̀kùn ṣí. Marivic wọlé, ó rọra ń rìn, bàtà rẹ̀ kò dún. Ọmọ àbúrò Màmá Puring ni. Ó ti pẹ́ gan-an ní Japan, ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ òfuurufú òun balẹ̀, tí òun fi gbọ́ ìròyìn burúkú. Ó ní láti pápákọ̀ ni òun ti wá sí ẹ̀bá ibùsùn tààrà, tòun ti ṣokoléètì fún àwọn nọ́ọ̀sì.

"Nelia, dìde. Ojú rẹ ti wọnú. Ọlọ́pàá obìnrin kan ti Iloilo dé, ó ń dúró dè ọ́ nílé."

"Ẹ ṣé, Àǹtí Marivic. Ọlọ́run á—" Nelia fẹ́ dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ìka arúgbó náà ti wé mọ́ tirẹ̀, ó le bí okùn ọkọ̀ ojú omi. "Àǹtí! Ó di mí mú! Ẹ wò ó, ó di mí mú!"

Marivic rẹ́rìn-ín kékeré. "Iṣan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń rí i ní Nagoya, ní Japan lọ́hùn-ún. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é." Ó tẹ̀ wá síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ja ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lára ìdì. "Lọ. Mo wà níbí."

Nelia lọ. Títí ó fi dé ìta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù.

*

Sájẹ́ńtì Perla Tabuyan jẹ́ obìnrin kúkúrú, abẹ̀bẹ̀ há sí i lábíyá. Nelia bá a tó jókòó sínú yàrá ìfọṣọ, tó ń ká aṣọ àwọn oníbàárà tí wọn kò tíì wá gbé tiwọn.

"Má bínú, àbúrò mi," ni ó wí. "Ọwọ́ mi kì í fẹ́ dúró lásán. Bí mo bá ń ká aṣọ, orí mi náà á máa ká ọ̀rọ̀. Jókòó."

Kọ́pùrà Gayanilo fara ti férémù ilẹ̀kùn. "Sájẹ́ńtì, kí la tún ń wá? Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ jó. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ a máa jó."

"Ìwọ náà, àgọ́ Miagao ni wọ́n ti lò ọ́ gbó kí wọ́n tó gbé ọ wá síbí. O ò tíì jó."

Kọ́pùrà yíjú sí ìta.

Àwọn ẹ̀rọ náà dúró bí ìbejì, ìfọṣọ nísàlẹ̀, amáṣọgbẹ lórí àtẹ irin lókè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, àwọ̀ kan náà, ìwé Japan kan náà lójú àwọn méjèèjì. Ní àgbàlá tí wọ́n ti ń tú ẹrù tó ń ti Japan bọ̀ ni Nelia ti rí wọn. Ó kọ̀ láti mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń tà á ní ìbejì kì í fẹ́ ìyapa. Ní báyìí, ti òkè ti di èédú. Ti ìsàlẹ̀ kàn dúdú fún èéfín ni.

"Lọ́jọ́ tí o rà wọ́n, kí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ?"

"Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra ẹrù Japan. 'Má fi bọ ògiri o.' Agbára iná tiwọn kò tó ìdajì tiwa. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ẹnu wáyà wọn bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Á wọlé wẹ́rẹ́, á sì jó." Nelia na ọwọ́ sí àpótí irin kan tó wà nílẹ̀. "Tìráǹsífọ́mà yìí ló ń dín iná kù fún wọn. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Bí mo bá fẹ́ fọṣọ, wáyà ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo á fi sí i. Tí mo bá fọ̀ tán, mo á yọ ọ́, mo á fi ti amáṣọgbẹ síbẹ̀. Isko kọ́ mi títí mo fi ń lá a lálàá."

"Ta ni kò mọ̀ yẹn?" ni Kọ́pùrà wí. "Ìyá mi gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ìyá rẹ gan-an mọ̀ ọ́n," ni Sájẹ́ńtì tún sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Wáyà ẹ̀rọ wo ló wà lára tìráǹsífọ́mà báyìí?"

Nelia wò ó. "Ti ìfọṣọ."

"Ti amáṣọgbẹ ńkọ́?"

Gbogbo wọn ń wo ògiri. Ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì bí oyin tó yọ́: ẹnu wáyà amáṣọgbẹ.

"Àìbìkítà Isko nìyẹn," ni Kọ́pùrà wí. Ó yíjú sí Nelia. "Tàbí àìbìkítà tìrẹ."

Nelia pariwo. "Mi ò fọṣọ láti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́! Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, Kọ́pùrà! Ta ní í fọṣọ lọ́jọ́ yẹn? Ìyá wa máa ń sọ pé omi ìfọṣọ ọjọ́ náà á di ẹ̀jẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí àbàwọ́n náà ṣì wà, ó sì gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Sájẹ́ńtì ti dìde. Ó ń wo kókó tí wọ́n fi ń yan irú ìfọ̀ lójú ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. "Pupa yìí ńkọ́?"

"Ọ̀dà èékánná mi ni. Mi ò mọ ìwé Japan kà. Isko dán an wò títí a fi mọ ibi tó ń fọ gbogbo aṣọ, mo sì fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ń lò."

"Ibẹ̀ nìkan lo ń lò. Wá wò ó."

Kókó náà kò sí lórí pupa. Ó ti yí lọ sí ìkángun kejì, sórí àwọn lẹ́tà wíwé tí Nelia kò fọwọ́ kàn rí.

"Àwọn tó ń pa iná ló kọlù ú," ni Kọ́pùrà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Sájẹ́ńtì fi ìka méjì yí i. Ó le, ó dún kẹ̀kẹ̀. Kókó yẹn kì í ṣèèṣì yí.

Ẹnìkan ti wà nínú yàrá yìí. Nígbà tí gbogbo ìlú ń kọrin ọ̀fọ̀ lẹ́yìn ère, ẹnìkan dúró síbi tí òun dúró sí yìí, ó ń fọṣọ, Màmá Puring sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

Sájẹ́ńtì ya àwòrán kókó náà sí fóònù. Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ó yọ àpò àwọ̀n kékeré tó ń gba òwú jíjá. "Èyí tún ńkọ́?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá fọ̀ tán ni mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń sá a sóòrùn. Bí èèyàn ò bá gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ á máa rùn."

Sájẹ́ńtì kò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó ká ọ̀rá náà sínú àpò. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí bọ inú amáṣọgbẹ tó jó, ó fi ṣíbí ha nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà náà ni Nelia kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Sájẹ́ńtì... òórùn irun ló kọ́kọ́ kàn mí lọ́jọ́ náà. Irun jíjó. Ṣùgbọ́n irun Màmá kò jó."

Kọ́pùrà bú sẹ́rìn-ín. "Irun! Ṣé orí ẹ̀rọ náà ló jó?"

Sájẹ́ńtì kò rẹ́rìn-ín.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Isko gbá irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màmá ti jí?"

"Kò tíì jí."

"Isko," ni Sájẹ́ńtì wí, "wọ́n ní o yọ kúrò nínú èrò nígbà tí ère dé ẹ̀bá ọjà. Ibo lo lọ?"

"Mo lọ tọ̀."

"Ère kọjá ọjà, ó yí ìlú po, o ò tíì tọ̀ tán. Ṣé odò lo gbé mì?"

Isko wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wolẹ̀. Nelia ti búra fún ọlọ́pàá pé Isko kò kúrò lẹ́yìn òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ̀rù àbúrò rẹ̀ gan-an bà á.

"Isko. Ṣé o padà sílé?"

"Rárá!"

"Ibo lo wá lọ? Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Isko fi orí ti irin. "Ẹran ni mo lọ jẹ."

"Ẹran kí ni?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ yíyan. Lẹ́yìn ilé Nonoy. Àwa mẹ́ta ni."

Ọwọ́ Nelia ti gba àárín irin kọjá kó tó mọ̀, ó gbá a lórí. "Ẹlẹ́dẹ̀! Ọjọ́ Ẹtì Rere! Ọlọ́run wà lórí igi, ìwọ wà lórí ẹlẹ́dẹ̀!"

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn! Ẹ̀wọ̀n sàn ju ẹnu yín lọ!"

Sájẹ́ńtì fi abẹ̀bẹ̀ bojú díẹ̀. "Ṣé awọ rẹ̀ dún?"

"Ó dún kakaka, ọ̀gá."

"Ó dún kakaka. Kọ́pùrà, lọ bi Nonoy àti ẹnìkejì, kí o bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, pe pápákọ̀ òfuurufú Iloilo fún mi." Ó bá Kọ́pùrà sọ èyí tó kù wúyẹ́wúyẹ́, Nelia kò gbọ́ ọ.

Kọ́pùrà mi orí. "Àwọn tó jọ jẹ ẹran èèwọ̀ máa gbe ara wọn lẹ́yìn ni. Ẹ̀rí kọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ náà ń bọ̀."

*

Bàbá Gaspar ni ilé rẹ̀ fara kan yàrá ìfọṣọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Nelia: omi ọṣẹ ń ṣàn wọ ọgbà rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tẹ̀ lé ère, Bàbá," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Orúnkún mi ló kọ̀."

"Wọ́n ní ẹ ti búra pé ẹ máa fọ́ ẹ̀rọ Nelia."

"Mo búra! Mo tún máa búra lónìí! Omi rẹ̀ ti pa ewé ọ̀dùnkún mi tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò kúrò lábẹ́ ibùsùn."

"Lábẹ́ ibùsùn?"

Arúgbó náà wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Ẹ̀rọ náà kọrin."

Nelia mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá fọ̀ tán, a máa kọ orin kékeré kan, bí agogo ọmọdé.

"Ẹ rò ó wò," ni Bàbá Gaspar wí. "Gbogbo ayé wà lẹ́yìn ère. Ọlọ́run ti kú, Àjíǹde ò tíì dé, àwọn ẹ̀mí burúkú ló ni ìgboro. Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin! Ṣé kí n jáde lọ jó sí i ni?"

"Ṣé ó kọ ọ́ dópin?"

"Títí dé ìparí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òórùn burúkú yẹn dé."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo tún sún wọ abẹ́ ibùsùn síwájú sí i."

*

Sájẹ́ńtì dúró lábẹ́ ìbòòji ògiri, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Oòrùn Oṣù Kẹrin ń ta bí ìjà. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, ó mi orí.

"Gbọ́, àbúrò mi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kọrin dópin, torí wáyà rẹ̀ ti wà lára tìráǹsífọ́mà láti Ọjọ́bọ̀. Ẹni náà bá a bẹ́ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ kí aṣọ gbẹ kíákíá. Ó rí wáyà amáṣọgbẹ tó ń fì lásán, ó rí ògiri, ó fi bọ ibẹ̀. Kò ronú rárá. Ní Guimbal níbí, àfi òmùgọ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ dáná ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dáná kì í kọ́kọ́ fọṣọ."

"Ta ni, nígbà náà?"

"Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ níbòmíràn. Níbi tí irú ẹ̀rọ yìí ti ń jẹun láti ara ògiri. Ẹni náà mọ ìwé ojú rẹ̀ kà. Mo fi àwòrán kókó yẹn ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan ní Iloilo tó gbọ́ èdè wọn. Ṣé o mọ ohun tó kọ síbẹ̀? Aṣọ onírun." Ó yọ ọ̀rá kúrò nínú àpò. "Irun tó jó nìyí. Irun àgùntàn ni. Ta ló ń wọ aṣọ onírun nínú oòrùn yìí, bí kò ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi òtútù bọ́ sílẹ̀? Wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀. Iná ló bá a débẹ̀."

Òwú tó wà nínú ọ̀rá náà jẹ́ yẹ́lò, yẹ́lò tó jọ ti máńgòrò pípọ́n. Nelia mọ̀ ọ́n. Òun ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí Màmá Puring fi òwú yẹn ká a lọ́wọ́, tó ń fi ṣe bọ́ọ̀lù, tó ń sọ pé òtútù Japan á pa ọmọ òun. Òun náà ló gbé ẹ̀wù náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà tí Màmá hun ún tán. Àwòrán ẹni tó wọ̀ ọ́ wà lára ògiri yàrá Màmá lókè, ó ń rẹ́rìn-ín nínú yìnyín.

Orúkọ náà dé ẹnu rẹ̀, ó há síbẹ̀.

"Sọ ọ́," ni Sájẹ́ńtì wí jẹ́jẹ́.

"Àǹtí Marivic. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ló dé..."

"Ọjọ́ Sátidé ló *sọ* pé òun dé. Kọ́pùrà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará pápákọ̀." Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. "Nelia. Ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá báyìí?"

Nelia ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí àwọn ìka arúgbó náà, bí wọ́n ṣe ń tú wọn, ọ̀kan, òmíràn. Iṣan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Màmá ti jí. Màmá ti jí láti àárọ̀, ó di òun mú, òun sì fi í sílẹ̀ fún Marivic.

*

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé wọn sáré dé ilé ìwòsàn. Nelia bọ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ibùsùn náà ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan ń ká aṣọ rẹ̀.

Nelia gbé ọwọ́ lérí. "Ó ti kú."

"Rárá o!" Nọ́ọ̀sì náà di í mú. "Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbà á jáde. Ó ní òun á máa tọ́jú rẹ̀ nílé, iṣẹ́ tí òun ń ṣe lókè òkun nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Wọn ò tíì jìnnà."

Wọ́n sáré. Ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọkọ̀ kan tí Marivic háyà ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Màmá Puring wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Marivic ti fi aṣọ funfun bò ó lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà.

"Nítorí oòrùn ni mo ṣe fi aṣọ bò ó," ni Marivic wí kíákíá. "Ẹ má dá wa dúró. Ara rẹ̀ ò fẹ́ ooru."

"Ooru yìí pọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀wù yẹ́lò onírun tí Màmá hun fún yín dà?"

Marivic kò ṣẹ́jú. "Ó wà ní Nagoya."

"Kò sí ní Nagoya. Ó wà nínú ọ̀rá mi, ìyókù sì lẹ̀ mọ́ ikùn amáṣọgbẹ Nelia."

"Ẹ̀rọ jákujàku!" Ohùn Marivic là, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Isko ni kí ẹ lọ bi! Ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, mo ti lo irú wọn fún ọdún gbọọrọ. Kí ló dé tí ìfọṣọ ṣiṣẹ́ dáadáa, tí amáṣọgbẹ wá—"

Ó wo awakọ̀ tó háyà.

Awakọ̀ náà rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marivic.

"Tí ìfọṣọ ṣiṣẹ́ dáadáa," ni Sájẹ́ńtì tún sọ. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, Àǹtí, ẹ̀yin àti arúgbó kan tó wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù. Ọmọdé Guimbal kankan ò lè fi ẹrù Japan bọ ògiri."

Kọ́pùrà Gayanilo ti ń sáré bọ̀ láti ìta, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere ni ó balẹ̀, Sájẹ́ńtì! Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀!"

Marivic fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. "Mo kàn fọwọ́ tì í ni," ni ó wí. "Ìdí arúgbó ẹlòmíràn ni mo fi gbogbo ọdún yẹn nù kí ilé Màmá lè ní òrùlé. Ó wá ń sọ fún mi pé ẹni tó dúró ti òun ló ni ilé náà. Pé Nelia ló ni ín. Mo kàn fọwọ́ tì í. Ó ti já lulẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù mi, mi ò ní òmíràn, ẹrù mi ṣì wà ní pápákọ̀. Nígbà tí iná sọ, mo sá..."

"Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni," ni Nelia wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ dúró ti ẹ̀rọ títí ó fi kọrin."

Kọ́pùrà mú Marivic lápá, ó mú un lọ. Sájẹ́ńtì ń bá àgọ́ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí fóònù: kí wọ́n dá ọkọ̀ padà, kí wọ́n ṣí irin fún Isko, kí wọ́n sì fún un lómi, ẹlẹ́dẹ̀ a máa fa òùngbẹ.

Nelia kúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́. Ó ká aṣọ funfun náà kúrò. Màmá Puring di ojú pinpin, bó ṣe dì í láti ọjọ́ tí Marivic ti jókòó tì í. Nelia gbé ọwọ́ rẹ̀. Ìka náà wé mọ́ tirẹ̀, ó le bíi ti àárọ̀.

Ètè arúgbó náà mì. Nelia tẹ etí sí i.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá. Wọ́n ti mú un lọ."

Ojú kan là díẹ̀, ó wo ọ̀run, ó tún pa dé.

"Lọ wò ó dáadáa," ni Màmá Puring wí. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọwọ́ Nelia lọ.